Tọ́ọ̀fì Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin tíṣà yìí ná. Kò ní pẹ́ tí a ó fi dé ibi àṣìṣe rẹ̀, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èèyàn lásán là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún kejìlá rèé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí páànù orí rẹ̀ máa ń pariwo bí òjò bá dé. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, kò fi pàṣán kan ọmọ ẹnikẹ́ni rí.

Ó nídìí. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ́mọdé, ẹkún ló fi kọ́ táìmùtébù. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá bèèrè méje lọ́nà mẹ́jọ, àtẹ́lẹwọ́ á ti máa gbóná kí ẹnu tó là. Ìgbà tó wá di olùkọ́, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé nínú kíláàsì tòun, ọmọ kankan ò ní fi omijé kẹ́kọ̀ọ́. Ó wá agolo bisikíìtì kan tó ti ṣófo, ó kó tọ́ọ̀fì sínú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ẹni tó bá gba ìbéèrè, tọ́ọ̀fì kan ni tirẹ̀.

Ẹ ò ní mọ bí èyí ti ṣiṣẹ́ tó àfi bí ẹ bá débẹ̀. Ní kíláàsì mìíràn, bí olùkọ́ bá ti la ẹnu béèrè nǹkan, ńṣe ni àwọn ọmọ á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ní ti kíláàsì yìí, ọwọ́ á ti kún òkè kí ìbéèrè tó parí.

Kò tún sí ọmọ tó ń bẹ̀rù àṣìṣe níbẹ̀. Tíṣà kì í jẹ́ kí wọ́n fi ìka tàbí rọ́bà pa ohun tí wọ́n bá ṣì kọ rẹ́. Ó máa ń ní, "Ẹni tó bá ṣì í, kó fa ìlà kan sí i, kó kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lè rí méjèèjì." Àwọn òbí tó kọ́kọ́ rò pé ìwé ọmọ àwọn dọ̀tí wá mọ̀ nígbà tó yá pé ọgbọ́n ńlá ni.

Àmọ́ tíṣà yìí fẹ́ràn ètò, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ariwo tọ́ọ̀fì tí wọ́n ń rún kẹ́rẹkẹ̀rẹ máa ń bí i nínú, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó ti dáhùn àti ẹni tí kò tíì dáhùn. Nítorí náà, ó ṣe òfin méjì. Èkíní ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rún tọ́ọ̀fì. Kí wọ́n máa lá a díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni kí wọ́n gbé e sí. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, lápá ọ̀tún àwọn ọmọ. Bó bá ti gbójú sókè, á rí ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, á sì pe ẹni tí tirẹ̀ pẹlẹbẹ.

Ọ̀gá ilé-ìwé gbóríyìn fún un nítorí òfin yìí. Àwọn ọmọ ń pè é ní Tíṣà Onítọ́ọ̀fì lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn mọ́ ọn.

Nínú gbogbo àwọn ọmọ náà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mo-mọ̀-ọ́n. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ láìmọ̀. Bí tíṣà bá ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ọmọ yìí á ti fò dìde lórí bẹ́ǹṣì, á na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ já èso, á máa pariwo, "Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n!" Ó sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ ni káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju òpópónà méjì lọ sí ilé-ìwé. Tọ́ọ̀fì tí ọmọ náà ń gbà lójúmọ́ kì í dín ní mẹ́rin. Bí ẹ bá rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ mọ̀ pé ilé-ìwé ti gba ọlidé.

Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ kejì nínú táàmù kejì tí Mo-mọ̀-ọ́n dákẹ́.

Ọjọ́ kìíní, tíṣà rò pé oorun ló ń kùn ún. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ara rẹ̀ tutù. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó bi í bóyá ẹnì kan bú u ni. Ọmọ náà mi orí. Ó bi í bóyá ìjà wà nílé. Ó tún mi orí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ sínú ìwé, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ló ń gbà. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Kò kàn fẹ́ la ẹnu ni.

Èyí ba tíṣà lọ́kàn jẹ́ gan-an. Ọmọ tí kò mọ̀, ó mọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ọmọ tó mọ̀ tó wá ń fi pamọ́, ẹ̀rù irú rẹ̀ ń bà á, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lòun náà jẹ́ nígbà kan, nígbà pàṣán. Ó wá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ṣí agolo, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá gba ìbéèrè tó le, méjì ni yóò gbà. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo-mọ̀-ọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, ó sì gbé orí lé tábìlì.

Nọ́ọ̀sì eyín dé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ilé ìwòsàn máa rán èèyàn wá yẹ eyín àwọn ọmọ wò ní ilé-ìwé náà. Obìnrin tó sanra ni, ohùn rẹ̀ tóbi, ó so iná kékeré kan mọ́ iwájú orí. Wọ́n fún un ní yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí, ó sì fi àga méjì kojú ara wọn. Àwọn ọmọ kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹni tó wà níwájú ń tì sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì rí wọn. Ó gbé dígí kékeré rẹ̀ tó ní ọwọ́ gígùn sókè. "Mi ò mú nǹkan ìyọyín wá o. Dígí ni mo mú wá. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ wo tèmi?"

Ó la ẹnu gbàgà. Ọmọkùnrin kan gba dígí, ó yọjú sí i, ó ka eyín nọ́ọ̀sì títí ó fi dé méjìlélọ́gbọ̀n. Láti ìgbà náà lọ, ńṣe ni wọ́n ń jà nítorí ta ni yóò kàn. Kó tó di ìgbà ìsinmi, ó ti yẹ kíláàsì mẹ́rin wò, ó sì ti kọ ohun tó rí nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà náà ló ránṣẹ́ pe tíṣà kíláàsì kẹta.

Ó ní kí ó jókòó. Ó ní nǹkan kan rú òun lójú, kí ó bá òun wò ó.

"Ní kíláàsì kìíní àti ìkejì, mo rí ihò eyín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ti ọmọ yìí wà lápá òsì, ti ọmọ tọ̀hún wà níwájú, wọ́n kàn wà káàkiri. Ṣùgbọ́n láti kíláàsì tiyín dé ìkẹrin, apá ọ̀tún ni púpọ̀ wọn wà. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Tíṣà, kí làwọn ọmọ yìí ń fi apá ọ̀tún ẹnu ṣe?"

Tíṣà gbọ́ ọ yékéyéké. Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ tó fi rí agolo orí tábìlì, òfin méjèèjì, àti gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú tí òun ti ń kà pẹ̀lú ìdùnnú láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Nọ́ọ̀sì pe Mo-mọ̀-ọ́n wọlé, ó ní kí ọmọ náà jókòó, kó la ẹnu, kí tíṣà rẹ̀ bá òun wò ó.

Ihò dúdú kan wà lórí eyín tó wà lẹ́yìn pátápátá, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀pọ̀ òbí máa ń pe eyín yìí ní eyín ọmọdé, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń tó ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín yìí á hù lẹ́yìn gbogbo ìyókù láìjẹ́ pé eyín kankan kọ́kọ́ bọ́, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí i. Òun ni ọmọ yóò lò títí dọjọ́ ogbó.

"Ihò náà kò tíì dé ibi iṣan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mo ti bá wọn sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn, wọ́n á dí i fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ó lè di pé kí wọ́n yọ ọ́. Òmíràn kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́."

Ó wá yíjú sí ọmọ náà, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bi í ìdí tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé eyín ń dun òun. Mo-mọ̀-ọ́n wo tíṣà, ó wo ilẹ̀.

"Bí mo bá dáhùn, tíṣà á fún mi ní tọ́ọ̀fì," ló wí. "Bí mo bá fi sẹ́nu, eyín á máa dùn mí. Kò sì dáa kí n kọ ohun tí tíṣà bá fún mi. Ni mo bá dákẹ́."

Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa lọ ṣeré. Lẹ́yìn tó jáde, tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo tọ́ọ̀fì yẹn kò mà tóbi, kò ju èékánná lọ, kí ló wá lè ṣe tó báyìí.

Nọ́ọ̀sì ní bí tọ́ọ̀fì ṣe ń pẹ́ lẹ́nu ni ewu rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé lẹ́nu gbogbo wa. Bí ohun dídùn bá dé, wọ́n á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á sì pèsè omi kíkan kan tó ń jẹ ara eyín. Bí èèyàn bá jẹ ẹ́ tó sì tán, itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ omi kíkan náà kúrò, lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, eyín á sinmi. Ọmọ tó ń lá tọ́ọ̀fì láti àárọ̀ títí agogo ìsinmi yóò fi lù, ìgbà wo ni eyín tirẹ̀ fẹ́ sinmi? Wọ́n ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ti tọ́ọ̀fì, ìrora ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n fi ìwé kékeré kan rán Mo-mọ̀-ọ́n sí bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èsì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan náà: "Ẹ ṣeun, Tíṣà wa. Ẹ má ṣèyọnu. Eyín ọmọdé ni, á bọ́ fúnra rẹ̀. Tèmi náà bọ́."

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì náà, tíṣà jókòó nìkan nínú kíláàsì. Ó gbé ìwé orúkọ tí nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé máàkì rẹ̀. Àwọn tí máàkì wọn pọ̀ jù ni ihò eyín wọn pọ̀ jù. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn, tí wọn kì í dáhùn ohunkóhun, eyín wọn funfun báláú. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn á rò pé ọgbọ́n ló ń jẹ àwọn ọmọ náà léyín.

Kò sí òbí tó mọ̀ pé òfin òun ló fà á. Nọ́ọ̀sì kò bi í léèrè mọ́. Ó lè gbé agolo náà jù sí ààtàn kí ó sì ní tọ́ọ̀fì ti wọ́n. Ó rò ó, ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún ara wa. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí agolo kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sórí ìwé ọmọ kan tó ṣí sílẹ̀: ìlà kan lórí ohun tó ṣì kọ, èyí tó tọ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun ló sọ fún bàbá ọmọ náà, bàbá kò ní gbà, Ìṣẹ́gun á kọjá, eyín á lọ. Ó dìde, ó fi gèlè sórí, ó sì kọrí sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

Èérún igi bo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, òórùn gúlù kún ibẹ̀. Bàbá Mo-mọ̀-ọ́n ń fi ìfági fá ẹsẹ̀ tábìlì kan, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Bó ṣe rí tíṣà, ó sọ ìfági sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni rí àgbà tó jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n lè jẹ́ ẹgbẹ́.

"Tíṣà wa, ẹ káàbọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí ẹ wá wo nǹkan kan."

Ó mú un lọ síbi ògiri. Pákó pẹlẹbẹ kan ló gbé kọ́ síbẹ̀, ó ga tó ọmọdé. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, bébà tọ́ọ̀fì ló fi gúlù lẹ̀ mọ́ ọn, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ó ti fi ọwọ́ na ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó tó lẹ̀ ẹ́.

"Gbogbo ìbéèrè tí ọmọ mi ti gbà láti ọjọ́ tó ti wọ kíláàsì yín rèé," ni bàbá wí. "Oníbàárà tó bá wọlé, ibí ni mo kọ́kọ́ máa ń mú un wá kí n tó fi igi hàn án. Èmi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹrin, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ògiri mi."

Tíṣà ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́nà, ọ̀rọ̀ tó mọ́, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ojú tì í, àánú ọkùnrin yìí sì ṣe é dé egungun.

"Bàbá Mo-mọ̀-ọ́n," ló wí, "èmi ni mo ba eyín ọmọ yín jẹ́."

Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé tíṣà ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: òfin pé kí wọ́n má rún un, òfin ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ohun tí nọ́ọ̀sì rí, àti ohun tí ọmọ náà sọ ní yàrá ìwé. Bàbá yọ pẹ́ńsù létí, ó tún fi í padà síbẹ̀.

"Ṣebí eyín ọmọdé ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Bó bá tiẹ̀ burú, kí wọ́n yọ ọ́ dànù."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́," ni tíṣà dá a lóhùn. "Eyín tó máa lò títí yóò fi darúgbó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Bí ìkán bá jẹ igi tí ẹ fẹ́ fi kan àga, tí ihò rẹ̀ kò ju orí ìṣó lọ, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"Màá gbẹ́ ibi tó jẹ kúrò, màá dí i, màá kùn ún."

"Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá fi ìka kan ẹsẹ̀ tábìlì tó wà níwájú rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe dún. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lèyí, kò sẹ́ni tó lè parọ́ fún un lórí ẹ̀. "Ẹ ò ní mọ̀ pé inú rẹ̀ ti ṣófo," ló wí, "títí dọjọ́ tí ẹ bá jókòó lé e." Ó gbọn èérún igi kúrò lọ́wọ́. "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá ọmọ ti rí i pé apá kan ẹnu ló fi ń jẹun, ó ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni mo ní kó fi ọmọ sílẹ̀."

Ó tún wo ògiri. Ó bi tíṣà léèrè ìdí tó fi wá sọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé òun ì bá má mọ̀ láéláé. Tíṣà ní ohun tí òun ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, pé ẹni tó bá ṣì í kò gbọdọ̀ fi ìka pa á rẹ́.

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní kì í ṣe tíṣà nìkan. Lójoojúmọ́ tí ọmọ náà bá ti ilé-ìwé dé ṣọ́ọ̀bù, ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lòun máa ń gbé fún un, á sì máa mu ún ní díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ nìkan ló sì máa ń fọ eyín. Bó bá di ìgbà àtisùn, bisikíìtì ló máa ń jẹ sùn. Òun rò pé ìkẹ́ ni.

"Ìṣẹ́gun, aago mélòó?" ló bèèrè.

"Mẹ́sàn-án àárọ̀."

"Màá ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ni tábìlì yìí á ní sùúrù."

Wọ́n dí eyín náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo-mọ̀-ọ́n kò sunkún. Nígbà tí dókítà ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀, bàbá rẹ̀ di bàtà rẹ̀ méjèèjì mú lọ́wọ́, ó sì ń làágùn. Bí wọ́n ṣe parí, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà bèèrè ni pé kí ni wọ́n fi dí i, báwo ni wọ́n sì ṣe pò ó. Dókítà ní òun kò tíì rí aláìsàn tó bèèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí jọ, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí tíṣà jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kàn sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó ẹnu, kí ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀fì rọra lọ. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dìde. Ó gbé agolo náà dání síwájú gbogbo èèyàn, ó sọ ohun tó ṣe. Àwọn kan kùn. Ìyá kan bínú, ó ní ọmọ òun kò sùn fún òru méjì nítorí eyín, inú bíbí rẹ̀ sì tọ́. Tíṣà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Nígbà náà ni ìyá àgbà kan tí eyín rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ mọ́ dìde lẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni ìyá àgbà wí. "Èmi ò rẹ́ni sọ fún mi."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti sọ, ara tu gbogbo wọn, nọ́ọ̀sì sì rí àyè ṣàlàyé. Kò sí ẹni tó yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì náà.

Ó wá ku ohun tí yóò rọ́pò tọ́ọ̀fì. Tíṣà rò ó títí. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, ó dìde kúrò lórí àga rẹ̀, ó tì í síwájú. Ó ní láti òní lọ, ẹni tó bá gba ìbéèrè ni yóò jókòó sórí àga tíṣà, òun ni yóò sì béèrè ìbéèrè tó kàn. Tíṣà fúnra rẹ̀ á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ.

Àwọn ọmọ wo àga náà. Tíṣà bèèrè mẹ́sàn-án lọ́nà méje.

"Mo mọ̀ ọ́n!"

Ohùn náà ti lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wá, ọmọ náà ti fò dìde kí bẹ́ǹṣì tó mọ̀. Tíṣà ní láti yíjú sí pátákó fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa rí ojú rẹ̀. Mo-mọ̀-ọ́n sọ ọ́, ó gbà á, ó lọ gun orí àga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, orí rẹ̀ nìkan sì ni wọ́n ń rí lókè tábìlì. Síbẹ̀, ó gbójú sókè, ó na ìka sí tíṣà rẹ̀. "Ìwọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì," ló wí, "mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ?" Tíṣà dìde, ó dáhùn, ó sì pè é ní mà.

Bí bàbá Mo-mọ̀-ọ́n ṣe gbọ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ òun kò kan ilẹ̀, ó gbé ìfági. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé àga kan wá lórí, ó ga, ó ní àtẹ̀gùn kékeré níwájú, ó ń dán. Ó ní ti kíláàsì kẹta ni. Tíṣà fọwọ́ kan ibi ìjókòó rẹ̀, ó ní igi náà dára. Bàbá ní kí ó yí i padà.

Pákó ara ògiri ni. Ó ti gé e sí mẹ́ta, ó tò wọ́n pọ̀, ó yí wọn dojú bolẹ̀, gbogbo bébà tọ́ọ̀fì náà wà lábẹ́ ìjókòó, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, kò yọ ẹyọ kan kúrò.

"Mi ò fi ìka pa á rẹ́," ló wí. "Mo kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ lọ́jọ́ ìpàdé náà la fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ẹ máa jẹ́ kí ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ti ìgbà àtisùn kò ṣeé fò, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ wọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ bí kò ṣe omi. Ọṣẹ tó tó ẹ̀wà kan ti tó ọmọdé, kí àgbà sì dúró tì í títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n fọ. Bó bá máa jẹ ohun dídùn, kó jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ kó sì tán, kó má máa lá a káàkiri. Omi ló dára jù fún òùngbẹ. Ẹ fi iná wo ẹ̀yìn ẹnu ọmọ yín láti ìgbà tó bá ti tó ọdún mẹ́fà, ẹ má sì pe eyín tó wà níbẹ̀ ní eyín ọmọdé. Eyín ọmọdé gan-an kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré, nítorí òun ló ń di àyè mú fún èyí tó ń bọ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ rí oníṣègùn eyín kí ó tó máa ké. Bí ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ bá sì ṣàdédé dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó bá a wí.

Àga náà wà ní kíláàsì kẹta di òní. Bí àwọn ọmọ tuntun bá wọlé lọ́dọọdún, kí tíṣà tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, á dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, á jẹ́ kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, á gbé e nàró, á bi wọ́n ní ìbéèrè kìíní.